Ọkọ̀ Àjèjì Lójú Ọlọ́pàá: Ẹ̀kọ́ Ìtàn fún Àwa Ará Zongo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ní ojú tirẹ̀, ó sì ń fi í rí àlejò láti òkèèrè. Bí ó ti rí fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọkọ̀. Bí ọkọ̀ tí a kò rí irú rẹ̀ rí bá yọ sí títì ní Parakou, àwọn ọmọdé á sá tẹ̀lé e, àwọn ìyá tí ń tajà á gbé ojú sókè, ọlọ́pàá tó dúró ní oríta á sì na ọwọ́. Ọwọ́ tí ọlọ́pàá nà yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Kí ló dé tí ọkọ̀ àjèjì fi máa ń fa ojú agbófinró mọ́ra? Kí ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á? Kí ló sì máa ń gbẹ̀yìn ìbéèrè náà?

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìtàn ìrìnnà, ní ilẹ̀ wa àti ní òkè òkun, yóò rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ọwọ́ náà. Èkínní: kí ni orúkọ ohun tí o gùn yìí? Èkejì: ta ló ni ín? Ẹ̀kẹta: ta ni ó lè pa lára? Èrò mi ni pé ìbéèrè kẹta ló yẹ kó ṣíwájú, nítorí pé òun nìkan ló kan ẹ̀mí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé òun ni àwọn aláṣẹ sábà máa ń fi sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó wádìí.

Zongo, ibùsọ̀ èrò ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ Hausa ni «Zongo». Ibùsọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ibi tí èrò ọ̀nà ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ yìí, orí ènìyàn àti ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru ọjà la ilẹ̀ Borgu kọjá. Àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Hausa ń kó aṣọ, awọ àti káún lọ sí apá Gonja, wọ́n sì ń kó obì bọ̀. Parakou wà lójú ọ̀nà wọn. Àwọn Wasangari, ìyẹn àwọn ọmọ aládé ilẹ̀ Baatonu, a máa gba owó ibodè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá kọ̀ láti san án, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè di ti ẹni tó pàdánù ẹrù sínú igbó. Ẹni tó bá san án, tó sì rí onílé tó gbà á, a rí ibi sùn, a sì rí ẹni tí yóò dúró fún un bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Báyìí ni Hausa, Dendi, Yorùbá àti àwọn mìíràn ṣe di ará ìlú Parakou. Wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bí àjèjì, a bi wọ́n ní ìbéèrè, a fún wọn ní àyè.

Nígbà tó di 1936, ọkọ̀ ojú irin láti Cotonou dé Parakou, ìrìn kìlómítà 438. Kò kọjá ibẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń lọ sí Niger, tàbí tó bá ń ti Niger bọ̀, gbọ́dọ̀ gun ọkọ̀ mìíràn ní ìlú wa. Láti 1954, nígbà tí ìjọba àwọn Faransé dá ètò tí wọ́n pè ní Opération Hirondelle sílẹ̀ láti gba ọ̀nà yìí kó ẹ̀pà Niger lọ sí èbúté, ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ sí i ní Parakou. Níbi tí ọkọ̀ bá ti pọ̀, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, àwọn tó ń jó irin àti àwọn tó ń tún táyà lẹ̀ á pọ̀ pẹ̀lú wọn. Ọwọ́ irú àwọn oníṣẹ́ báyìí ni ọkọ̀ àràmàǹdà ti ń jáde: alùpùpù tí a so ọmọlanke mọ́ nídìí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ẹ́ńjìnnì sí, ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi irin gùn sí i títí ó fi ga ju ilé lọ. Àwọn àgbà wí pé bí a gún iyán nínú odó, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ẹni tí kò lówó ra ọkọ̀ tuntun á fi èyí tó wà nílẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀ délé. Ibẹ̀ ni òun àti ọlọ́pàá yóò ti pàdé.

Àsíá pupa àti ṣílè kan

Ìpàdé yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà. Ní 1865, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn ní títì. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan ní ìgbèríko, kò sì gbọ́dọ̀ ju máìlì 2 lọ láàárín ìlú. Ènìyàn 3 ló gbọ́dọ̀ máa bójú tó o, kí ọ̀kan nínú wọn sì máa fi ẹsẹ̀ rìn ní 60 yáàdì níwájú rẹ̀, pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́. Nígbà tí mo bá ka òfin yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi pàdé rẹ̀. Kí ni àǹfààní ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ló ń ṣíwájú rẹ̀? Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a yára rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ olóoru omi ìgbà náà wúwo púpọ̀, ó ń ba títì jẹ́, ariwo àti èéfín rẹ̀ sì ń dẹ́rù ba ẹṣin. Ẹṣin tó bá ta gìrì lè gbé ọmọ ènìyàn ṣubú sínú kòtò. Ìbéèrè kẹta ni àwọn aṣòfin ń gbìyànjú láti dáhùn.

Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n jẹ́ kí ìdáhùn kan náà dúró nígbà tí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ti yí padà. Wọ́n dín òfin náà kù díẹ̀ ní 1878, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ kékeré tó ń lo epo bẹntiróòlù dé, inú àpò òfin àtijọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ sí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1896, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Walter Arnold wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá ní Paddock Wood, ní ìpínlẹ̀ Kent. Máìlì 8 ní wákàtí kan ló ń sá, níbi tí òfin ti ní kí ó má ju 2 lọ. Ọlọ́pàá kan gun kẹ̀kẹ́, ó lé e títí ó fi bá a. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn ṣílè kan fún un nítorí eré àsápajúdé. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún náà, òfin mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè láti sáré tó máìlì 14. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú Arnold ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti di ẹ̀tọ́ kí ọdún tó parí. Ẹ jẹ́ kí a tún ṣàkíyèsí ohun kan: kẹ̀kẹ́ tí ọlọ́pàá yẹn fi lé e, ohun àràmàǹdà ni òun náà ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ìgbà náà.

Àwọn Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1893, Louis Lépine, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Paris, pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní pátákó tí a kọ orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ sí, kí ẹni tí yóò sì wà á kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí pé ó mọ̀ ọ́n wà. Ìbéèrè kejì ni wọ́n gbájú mọ́: ta ló ni ín? Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1899, òfin kan ṣoṣo kárí gbogbo ilẹ̀ Faransé, ó sì fi eré sí kìlómítà 30 ní ìgbèríko àti 20 láàárín ìlú. Kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí òfin oṣù kẹrin ọdún 1893 ti fi owó orí lé e, owó orí yìí kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọdún 1958. Inú àṣà yìí ni ìwé ọkọ̀ tí ọlọ́pàá ń béèrè lọ́wọ́ wa lónìí ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀ka ìdílé òfin Paris ni ó jẹ́.

Ọkọ̀ kan náà, orílẹ̀-èdè méjì

Ọkọ̀ kò ní láti ní ìrísí àràmàǹdà kí ó tó di àjèjì. Ààlà nìkan tó láti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Títí di ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wọn, nígbà tí àwa ní Dahomey ń gba ọwọ́ ọ̀tún. Awakọ̀ tó bá ti Idiroko wọ Igolo gbọ́dọ̀ bọ́ sí apá kejì títì, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà ní apá tí kò bá ilẹ̀ wa mu. Ènìyàn kan náà ni, èdè Yorùbá kan náà ló ń sọ ní ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ti di ohun tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, Ghana sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974. Láàárín òru ọjọ́ kan, ohun tó bá òfin mu di ẹ̀ṣẹ̀, ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sì di òfin.

Zémidjan: láti ẹ̀yìnkùlé dé ojú títì

Ìtàn tó sún mọ́ wa jù ni ti zémidjan. Ní agbègbè Porto-Novo, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi gbé èrò, èyí tí wọ́n ń pè ní taxi-kannan. Lẹ́yìn náà ni alùpùpù gba ipò rẹ̀. Orúkọ tí àwọn aráàlú fún un jáde láti inú èdè Gun àti Fon, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni «tètè gbé mi lọ». Kò sí aláṣẹ kankan tó sọ ọ́ lórúkọ yìí. Ọjà ló sọ ọ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè wa dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ilé ìfowópamọ́ ìjọba wó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lo oṣù gbọọrọ láìgba owó, àwọn tó jáde ní yunifásítì kò rí iṣẹ́. Kí Àpérò Orílẹ̀-èdè tó jókòó ní oṣù kejì ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin àti bàbá onílé ti gun alùpùpù láti fi wá oúnjẹ. Lójú òfin, ọkọ̀ àdáni ni alùpùpù náà, kì í ṣe ọkọ̀ èrò. Gbogbo ẹni tó bá gbé èrò sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó sì gba owó ti rú òfin. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá mú gbogbo wọn, báwo ni olùkọ́ yóò ṣe dé iléèwé? Báwo ni aláboyún yóò ṣe dé ilé ìwòsàn ní òru?

Nígbà tí ó yá, àwọn aláṣẹ ìlú gba zémidjan wọlé. Wọ́n forúkọ àwọn awakọ̀ sílẹ̀, wọ́n fún wọn ní ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn, bí ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ti Cotonou. Láti ọjọ́ náà ni ọlọ́pàá ti mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Èrò náà mọ nọ́ńbà ẹni tó gbé e. Ohun tí àwọn onílé Zongo ṣe fún àwọn oníṣòwò Hausa láyé àtijọ́ ni ìlú ṣe fún zémidjan: wọ́n fún un ní orúkọ, wọ́n fún un ní àyè, wọ́n sì gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Èkó, ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀. Àwọn ará Nàìjíríà fi orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air pe alùpùpù wọn ní ọ̀kadà, wọ́n sì fi orúkọ Buba Marwa, tó ṣe alákòóso ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, pe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló mú kẹ̀kẹ́ wọ̀lú láti fi pèsè iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475, àṣẹ oṣù kejì ọdún 2020 sì lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ pa pọ̀ kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Ìjàm̀bá ojú títì àti ìwà ọ̀daràn ni ìdí tí ìjọba sọ. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbà lálejò ní àárọ̀, tí a wá lé jáde ní ìrọ̀lẹ́, yóò fẹ́ mọ ibi tí òun yóò sùn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ àràmàǹdà ni àìní ń bí. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ ọkọ̀ Volkswagen alábahun di èyí tó ń fi oòrùn àti afẹ́fẹ́ rìn. Ó gbé páńẹ́lì agboòrùn sórí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń gba agbára afẹ́fẹ́ sí abẹ́ ìdérí iwájú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò rú èéfín, kò sì gbé epo tó lè gbiná kiri. Bí a bá fi ìrísí dájọ́, òun ni ọlọ́pàá ìbá kọ́kọ́ dá dúró. Bí a bá fi ewu dájọ́, òun ni kò bá kẹ́yìn.

Epo kpayo: níbi tí ìbéèrè kẹta ti le jù

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, tí a kò sì fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ síta. Láti àwọn ọdún 1980 ni epo bẹntiróòlù ti ń gba ẹ̀bùrú wọlé láti Nàìjíríà, nítorí pé ìjọba ibẹ̀ ń fi owó ìrànwọ́ mú un rọjú títí di ọdún 2023. Kpayo ni a ń pè é, ọ̀rọ̀ èdè Gun tó túmọ̀ sí ohun tí kì í ṣe ojúlówó. Ní gúúsù, ó ń gba Sèmè àti Igolo. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ń gba Chikandou àti Nikki dé Parakou. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù nínú epo tí orílẹ̀-èdè yìí ń jó.

Epo yìí ló bí ọkọ̀ tó ṣàjèjì jù ní títì wa. Àwọn oníṣẹ́ irin mú Vespa àtijọ́, ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ Piaggio ti Ítálì ṣe jáde ní 1946 fún àwọn tí ogun ti sọ di tálákà, wọ́n sì sọ ikùn rẹ̀ di àgbá epo. Àwọn mìíràn di bídọ̀n mọ́ alùpùpù níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí a kò fi ní rí ju orí awakọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn abirùn kan ń lo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n tún ṣe kí ó lè gba epo púpọ̀. Àwọn aṣọ́bodè a máa ṣàánú wọn, wọn a sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Irú rẹ̀ wà láàárín Kinshasa àti Brazzaville pẹ̀lú, níbi tí àwọn abirùn ti ń fi kẹ̀kẹ́ kó ọjà sọdá odò, nítorí ẹ̀dínwó tí wọ́n ń rí gbà lórí owó ọkọ̀ ojú omi.

Ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe òfin. Ẹni tí aṣọ́bodè ṣàánú lónìí, ó lè gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, nítorí kò sí ìwé tó sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tó sì le ju ìyẹn lọ ni pé àánú náà kò pa iná. Alùpùpù elépo tó bá kọlu ògiri, awakọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jó. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní Sèmè-Kraké níbi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí, ènìyàn tó sì kú lé ní 30. Nínú oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni ìjọba Nàìjíríà ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo dópin, tí owó kpayo sì fò sókè lọ́dọ̀ wa. Èrè rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n iná tó wà nínú rẹ̀ kò dín kù.

Kí ni ọlọ́pàá ń béèrè lọ́wọ́ irú awakọ̀ yìí? Ṣáájú ọdún 2018, ọlọ́pàá ìlú wà lọ́tọ̀, jandáámù ìgbèríko wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti Nikki bọ̀ lè pàdé aṣọ oríṣi méjì kí ó tó dé Zongo, láì ka aṣọ́bodè mọ́ ọn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 ni a ti pa wọ́n pọ̀ di Police républicaine. Aṣọ ti di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí epo ti wá àti owó ibodè rẹ̀ nìkan ni a ń béèrè, a jẹ́ pé ìbéèrè àwọn Wasangari ni a ṣì ń béèrè. Ìbéèrè tó lè gba ẹ̀mí là ni pé: epo mélòó ló wà lórí ọkọ̀ yìí, báwo ni a ṣe dì í, ta ló ń gbé nítòsí ibi tí a ó tú u sí?

Ohun tí ìtàn fi lé wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìtàn tí a sọ yìí kò dá ọlọ́pàá lẹ́bi, kò sì dá awakọ̀ láre. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ojúṣe ìjọba ni láti na ọwọ́ dá ohun tí kò mọ̀ dúró kí ó wò ó. Àṣìṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe pé wọ́n bẹ̀rù ọkọ̀ olóoru omi. Àṣìṣe wọn ni pé wọn kò tún un wò dáadáa fún ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó mú zémidjan yanjú lọ́dọ̀ wa ni pé a kò béèrè bóyá ó rẹwà tàbí ó burẹ́wà. A béèrè orúkọ, a fi nọ́ńbà lé e, a sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tó kù lórí rẹ̀ ni ti ààbò, ìyẹn akoto, iná àti eré àsápajúdé.

Fún ọkọ̀ elépo, ìdáhùn náà kò lè jẹ́ bákan náà, nítorí pé ewu rẹ̀ kì í ṣe ti ojú lásán. Kò sí nọ́ńbà tí a lè lẹ̀ mọ́ bídọ̀n kí ó má gbiná. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù rẹ̀. Abirùn tó ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì yẹ kó rí ìwé ọkọ̀ gbà fún un, kí ó lè fi gbé aṣọ, àgbàdo tàbí èrò láì ní láti máa retí àánú ẹnikẹ́ni ní ibodè. Oníṣẹ́ irin Zongo tó lè sọ ikùn Vespa di àgbá, ó lè ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó péye, bí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì fi ọwọ́ sí i, bá wà ní Parakou níbí. Ohun tí mo rò pé ẹgbẹ́ wa lè béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú nìyẹn: ọjọ́ kan lóṣù, ibi kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, níbi tí ẹni tó bá ṣe ọkọ̀ tuntun yóò ti gbé e wá fún àyẹ̀wò láìbẹ̀rù pé a ó gbà á lọ́wọ́ òun.